Òṣìṣẹ́ Kọ́gbọ́n, Ọ̀gá Kò Kọ́ Ọ

Bí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́, òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ní ọdún 1982, General Motors ti ilé-iṣẹ́ mọ́tò rẹ̀ tó wà ní Fremont, ní California, pa. Aláìgbọràn ni wọ́n ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Nígbà tó di 1984, General Motors àti Toyota jọ tún un ṣí, ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n sì gbà padà. Wọ́n kó lára wọn lọ sí Jàpáànù láti kọ́ṣẹ́. Ní Fremont tí wọ́n padà sí, okùn kan wà lókè ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: ẹni tó bá rí àléébù, kó fà á, kí olórí ẹgbẹ́ sáré wá bá a wò ó, bí kò bá tètè yanjú, iṣẹ́ á dúró. Òṣìṣẹ́ lásán ló ní irú àṣẹ yẹn o! Láìpẹ́, mọ́tò tó ń ti ibẹ̀ jáde dára gan-an. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀kọ́ náà fi falẹ̀ kó tó dé àwọn ilé-iṣẹ́ General Motors yòókù, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ibẹ̀ kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé-iṣẹ́, kí ẹ tó tún rán ẹnikẹ́ni lọ sí sẹmínà, ẹ kọ́kọ́ fún un láṣẹ láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.