Áàpù Tí Ẹ Ń Kílíà Kò Ṣẹ̀ Yín

Láti Ìgàngán títí dé Èrúwà, àṣà kan wà lọ́wọ́ àwa tí à ń lo fóònù. Bí a bá ti ṣe tán lórí WhatsApp, a ó tẹ bọ́tìnnì tó ń kó gbogbo áàpù tí a lò jáde, a ó sì máa fi àtàǹpàkò fà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú fóònù yóò fi mọ́ féfé. Kílíà ni à ń pè é. Ọmọ Pólì Èrúwà ń ṣe é, ìyá tó ń ta ẹ̀gúsí ní Igbó-Ọrà ń ṣe é, àwọn tó ń tún fóònù ṣe gan-an sì ń kọ́ oníbàárà pé kó máa ṣe é kó tó sùn. Ìdí tí wọ́n ń fún un kò ju méjì lọ: pé ó ń mú fóònù yá, àti pé ó ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́. Irọ́ ni méjèèjì. Yàtọ̀ sí ibi mélòó kan tí n óò dárúkọ, kílíà ń fa fóònù sẹ́yìn ni, ó sì ń jẹ nínú bátìrì tí a ní à ń tọ́jú.

Ibi méjì ni fóònù ń kó nǹkan sí, a sì máa ń da méjèèjì pọ̀ nígbà tí a bá ń ní "fóònù mi ti kún". Èkíní ni ibi ìfipamọ́, níbi tí fọ́tò, fídíò àti áàpù fúnra wọn ń gbé, yálà fóònù wà ní títàn tàbí a ti pa á. Èkejì ni RAM, ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, tí ohun inú rẹ̀ ń parẹ́ bí a bá ti pa fóònù. RAM yára ju ibi ìfipamọ́ lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí Android fi máa ń fi áàpù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ sílẹ̀ nínú RAM bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kó lè tètè yọjú bí a bá tún pè é. Wíwà tó wà níbẹ̀ kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Láti Android 11 ni ètò kan tilẹ̀ ti wà tó ń dá irú áàpù bẹ́ẹ̀ dúró gbagidi, tí kò ní ráyè lo processor, ìyẹn ọpọlọ fóònù, rárá títí a ó fi padà sí i.

Bí RAM bá wá fẹ́ kún ńkọ́? Android ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ fún ìyẹn, low memory killer ni wọ́n ń pè é. Ó mọ áàpù tí à ń wò lọ́wọ́, ó mọ èyí tó ń kọrin, ó mọ èyí tí a ti pa tì láti àárọ̀. Èyí tí a ti pa tì pẹ́ jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ lé jáde. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò kílíà ń bá a ṣe iṣẹ́ tí kò bẹ̀ ẹ́ ní, ó sì tún ń ṣe é sódì, nítorí áàpù tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń bà ni èyí tó lò kẹ́yìn, ìyẹn èyí tó máa tó padà sí. Àwọn kan yóò ní RAM tó kún ń jẹ iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí RAM ń gbà láti di ohun inú rẹ̀ mú, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbà á fún, ì báà kún, ì báà ṣófo. Àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ ti fi owó rà tí ẹ kò lò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ẹni tó ti kílíà WhatsApp bá tún fọwọ́ kan àmì rẹ̀. Fóònù yóò kọ́kọ́ wá àyè fún un nínú RAM. Yóò lọ sí ibi ìfipamọ́, yóò ka kóòdù áàpù náà wọlé. Áàpù yóò wá ṣí ibi tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá ènìyàn sọ sí, yóò to orúkọ wọn láti orí ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, yóò wá fọ́tò kékeré oníkálùkù sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tún lọ wá ọ̀nà bá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, processor ń sáré, bátìrì ń lọ. Bí a kò bá kílíà rẹ̀ ni, kò sí iṣẹ́ mìíràn ju kó gbé ohun tó ti wà nílẹ̀ bọ́ síwájú. Google fúnra rẹ̀ ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ nínú òdiwọ̀n tó fi lélẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe áàpù: ó ka ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ sí ohun tó ti falẹ̀ jù bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 5, ṣùgbọ́n áàpù tó ṣì wà nínú RAM, ìṣẹ́jú àáyá 1.5 ti pọ̀ jù fún un. Ẹni tó bá ń kílíà nígbàkúùgbà, ọ̀nà tó jìn ló ń yàn nígbàkúùgbà. Ti áàpù báńkì tilẹ̀ tún ju ìyẹn lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ní kí ẹ tún tẹ nọ́ńbà àṣírí yín láti ìbẹ̀rẹ̀, níwájú oníbàárà tó ń kánjú.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, oníbàárà kan kọ̀wé sí Tim Cook, ọ̀gá àgbà Apple, ó bi í bóyá òun náà máa ń pa áàpù lórí iPhone rẹ̀, àti bóyá ó pọn dandan nítorí bátìrì. Craig Federighi, olórí àwọn tó ń kọ ètò inú iPhone, ló dá a lóhùn: rárá ni ìdáhùn sí méjèèjì. Láàárín oṣù kan náà ni Hiroshi Lockheimer, tó ń darí Android ní Google nígbà náà, sọ pé lórí Android pàápàá, àṣà náà lè ba nǹkan jẹ́ díẹ̀ sí i, àfi bí áàpù ọ̀hún bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn du ọjà nìyí, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ṣọ̀kan lórí èyí. Ọwọ́ wọn kò sì dilẹ̀. Android 6 ti mú ètò Doze wá ní 2015: bí fóònù bá wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, áàpù kò ní ráyè lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kù àfi lásìkò ráńpẹ́ tí Android bá yọ̀ǹda fún un. Android 8 ti 2017 tún gé ohun tí áàpù lè máa ṣe lábẹ́lẹ̀ kù.

Ẹni tó ń kílíà kì í ṣe òpè. Ohun tó ń ṣe ti bọ́gbọ́n mu rí. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà Windows àtijọ́, ètò tí a kò bá pa á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi há. Fóònù Android àkọ́kọ́, G1 tó jáde ní 2008, megabyte 192 péré ni RAM rẹ̀. Ìgbà yẹn ni áàpù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa pa áàpù yòókù gbòde kan, títí Android 2.2 fi gba ìdá lọ́wọ́ wọn ní 2010. Fóònù tó bí àṣà yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó ní, "Mo fi ojú ara mi rí i pé ó ń yá." Ó yẹ kí ọmọ Igbó-Ọrà mọ bí a ti ń yẹ irú ẹ̀rí yìí wò. Ìbejì ni ayé fi mọ ìlú náà, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ló fà á. Wọ́n jẹ ìlasa, wọ́n bí ìbejì, ẹjọ́ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ìlasa ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Ọ̀yọ́, àti ní Igbó-Ọrà gan-an, àwọn tó ń jẹ ẹ́ tí wọ́n ń bí ọmọ kan ṣoṣo pọ̀ ju àwọn tó ń bí méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí Patrick Nylander, dókítà tó wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, fi ka gbogbo ìbímọ, kì í ṣe ti ìbejì nìkan. Láàárín 1972 sí 1982, ìbejì bíi 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000 ló rí ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Kíkà yẹn ló fi hàn pé ìbejì pọ̀ lóòótọ́. Kò dá ìlasa láre. Bákan náà ni ti fóònù. Ẹni tó kílíà tí fóònù rẹ̀ sì yá ń rántí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ háǹgì nítorí pé áàpù kan ń ṣe update, tó gbé e sílẹ̀, tí ó sì bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, kò ka ìyẹn sí ẹ̀rí. Aago ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ẹ kílíà áàpù kan, kí ẹ ṣí i, ẹ tún jáde, kí ẹ ṣí i láìkílíà.

Ẹlòmíràn yóò ní, bí kò bá dáa, kí ló dé tí àwọn tó ṣe fóònù fi bọ́tìnnì kílíà sí i? Ìbéèrè gidi ni. Bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀ nítorí pé ẹni tó ń rajà ń bèèrè rẹ̀, olóǹtajà kì í sì í bá oníbàárà jiyàn. Nọ́ńbà tó ń gbé jáde, pé òun ti gba megabyte báyìí báyìí padà, kì í ṣe irọ́. Àyè tó ṣófo ló ń kà, kò ka ìyára. Ti àwọn áàpù agbálẹ̀ tí à ń fi dátà wá wọlé ló burú jù. Olókìkí nínú wọn nígbà kan ni Clean Master ti ilé iṣẹ́ Cheetah Mobile ní Ṣáínà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, BuzzFeed News gbé ìwádìí ilé iṣẹ́ Kochava jáde, tó fẹ̀sùn kan àwọn áàpù Cheetah Mobile pé wọ́n ń gba owó ìpolówó tí kò tọ́ sí wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Google yọ áàpù tó tó bíi 600 kúrò lórí Play Store nítorí ìpolówó tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́, ti Cheetah Mobile sì wà lára wọn. Áàpù tó ní òun ń lé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ jáde, abẹ́lẹ̀ lòun náà ń gbé.

"Fóònù tèmi kéré, RAM rẹ̀ ò ju 2GB." Fóònù tó kéré ni low memory killer tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún jù. Kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti fẹ́ kílíà, ó ti lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, àwòrán wọn lásán ló kù tí ẹ ń fà sókè. Ohun tí ń dá irú fóònù bẹ́ẹ̀ dúró sábà máa ń jẹ́ ibi ìfipamọ́ tó kún dẹ́múdẹ́mú pẹ̀lú fídíò inú WhatsApp, èyí tí kílíà kò lè fọwọ́ kàn. Mo sì gbà pé àwọn ibì kan wà tó yẹ kí a pa áàpù. Bí áàpù kan bá dákẹ́ tí kò dáhùn mọ́, ẹ pa á, òun nìkan. Bí ó bá ń júwe ọ̀nà, tó ń kọrin, tàbí tó ń pín dátà fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ ló ń ṣe lóòótọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ dá a dúró. Ìyẹn kò kan àwọn yòókù tó wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Owó tí àṣà yìí ń ná wa kò kéré lójú àgbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà wọn. Facebook tí ẹ kílíà tí ẹ sì tún ṣí, dátà ló máa fi kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán tuntun wá. Lórí àwọn fóònù kan, kílíà ń pa áàpù pátápátá débi pé ọ̀rọ̀ kò ní dún wọlé mọ́: oníbàárà tó fẹ́ ra gbaguda yóò fi ohùn ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta, yóò retí èsì títí, yóò sì pe ẹlòmíràn. Ní ti bátìrì, ẹ wo inú Settings, níbi tí fóònù ti ń to àwọn tó jẹ iná. Ojú fóònù tó mọ́lẹ̀ jù ló sábà máa ń wà lókè, àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kù tí kò dúró, nítorí bí òpó bá ti jìn sí oko, agbára tí fóònù fi ń nawọ́ sí i ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí áàpù kan níbẹ̀ tó ń jẹ iná tàbí dátà láìjẹ́ pé ẹ lò ó, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹ pa background data rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣe é.