Ọ́ìlì tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ní Ouagadougou

Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá kán sórí rẹ̀ lóru, dúdú kirimú ni onímọ́tò yóò bá a láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni í fẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bò ó, tí wọn yóò sì wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀kán méjì péré ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì, tí irin ń ha irin, tí ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì, owó ogún gáskẹ́ẹ̀tì kò ní í ra òmíràn.

Kì í sì í ṣe ọlọ́kọ̀ nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ìlú alùpùpù ni Ouagadougou. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gùn ún, ìyálọ́jà ń gùn ún. Ọ́ìlì tó kán sójú títì a máa yọ̀ wọ́n ṣubú, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fara pa kò sì ní í mọ ọkọ̀ tó jò.

Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ ibẹ̀, bí ó ti rí ní Nàìjíríà. Burkina Faso kò ní etíkun, nítorí náà, èbúté àwọn aládùúgbò, bíi Lomé àti Kútọnu, ni wọ́n ń gbà wọlé. Gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbó kó tó débẹ̀. Ooru oṣù kẹrin, tó máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kò sì í ṣàánú rọ́bà.

Thomas Sankara, tó gbàjọba níbẹ̀ ní 1983, tí wọ́n sì pa ní 1987, ta àwọn Mercedes ìjọba, ó ní Renault 5 ni kí àwọn mínísítà máa gùn. Owó tí èyí fi pamọ́ ni ayé ń ròyìn. Wọn kì í sábà rántí pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò díjú ni tálákà lè tún ṣe nílé ara rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń wá, torí ó lè jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ń jò tó ń ṣàn wá sísàlẹ̀. Kí ó fọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó wakọ̀ díẹ̀, kí ó tún wò ó. Bó bá dá a lójú, "joint de carter" ni kí ó béèrè lọ́jà. Faransé lọlọ́jà gbọ́, ẹni tó bá pè é ní gáskẹ́ẹ̀tì lè di odi níbẹ̀.

Ibi tí ikú wà nìyí: jáàkì nìkan kò tó gbé ọkọ̀ tí ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà kò tó, ojijì ni í fọ́. Irin tí wọ́n ṣe fún gbígbé ọkọ̀ dúró ni kí wọ́n fi tì í, lórí ilẹ̀ tó le, kí wọ́n sì há táyà. Nínú ọkọ̀ mìíràn, irin tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá kò ní í jẹ́ kí àwo náà jáde. Kí olúwarẹ̀ gbé e lọ fún mẹkáníìkì láìtijú.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, wọn yóò da ọ́ìlì rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọn yóò tú àwọn bóòtù etí àwo, wọn yóò sì ha gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò láìdá irin lápá. Àwọn kan a wá máa po gọ́ọ̀mù lé e bí ẹni ń rẹ́ ilé. Èyí tó bá yọ sínú lè já bọ́, kó dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ gbà là ni wọ́n pa yẹn. Láti àárín lọ sí etí ni kí wọ́n ti máa dé bóòtù, díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára dé e yóò tẹ etí àwo, yóò sì tún jò.

Ọ́ìlì dúdú inú kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe ohun à ń dà sí gọ́tà. Ìsédò wà láàrin Ouagadougou gan-an, ibẹ̀ sì ni omi gọ́tà ń forí lé. Kí wọ́n dé kẹ́ẹ̀gì náà pa, kí wọ́n bu ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fa géèjì wò, kí wọ́n sì tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú.