Oúnjẹ Eku Ni Ká Gbé Kúrò Nílẹ̀

Kò sí ọjà kan nílẹ̀ wa, ì báà jẹ́ Ọjà-Ọba n'Ìbàdàn tàbí Mushin l'Ékòó, tí èèyàn ò ti ní rí ẹni tó ń kiri oògùn eku. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ara sì máa ń tètè yá èèyàn láti rà á, nítorí bí a bá ti rí èkúté kan lókùú láàárọ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Èrò tèmi ni pé owó yẹn ń ṣòfò, ó sì tún ń kó ewu wọlé, níwọ̀n ìgbà tí garawa pàǹtí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná kò bá ní ìdérí. Ẹni tó ń fún eku lóúnjẹ lálaalẹ́, tó wá ń ra oògùn fún un lóṣooṣù, eku ló ń sìn.

Ẹ wo bí eku ṣe ń bí sí i. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Irú èyí tó ń gbé ibà Lassa kiri, ọmú rẹ̀ lè tó 24, ó sì lè bí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá pa mẹ́ta lánàá, tí egungun ẹja, èèpo iṣu àti ìkasì ọbẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí a gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri, àwọn tó kù á jẹ yó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹnu tó ń jẹ ẹ́ ti dín, wọ́n á sì tún bímọ rọ́pò àwọn mẹ́ta yẹn kíákíá. Iye oúnjẹ tó wà nílẹ̀ ló ń pinnu iye eku tí àdúgbò kan máa ní. Oògùn kò lè yí ìyẹn padà.

Lọ́dún 1969 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno, tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó jìnnà sí wa nígbà náà. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àrùn náà ti ń jà jù lọ́dọọdún, pàápàá jù lọ agbègbè Ọ̀wọ̀. Kò dìgbà tí eku bá gé èèyàn jẹ kéèyàn tó kó o. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà wà. Ẹ fojú inú wo abọ́ gàárí tí a gbé sórí tábìlì láìdé. Èkúté á gorí rẹ̀ lóru, á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, á tọ̀ sí i. Kílẹ̀ tó mọ́, ìtọ̀ yẹn á ti gbẹ. Gàárí náà ò ní yí àwọ̀ padà, kò sì ní rùn. Ọmọ tó ti iléèwé dé á bù ú sínú ife, á da omi tútù lé e, á fi ẹ̀pà mu ún. Lóòótọ́, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó bá kó àrùn náà ni kì í ṣe àìsàn tó le. Àwọn tó kù ni ibà, ọ̀fun dídùn àti èébì máa ń bá fínra, ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ lè máa yọ lára ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan bọ́ nínú rẹ̀ tí etí wọn ò gbọ́ràn mọ́. Nítorí pé ó jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń lo oògùn ibà títí ọ̀ràn á fi bọ́ sórí.

Àwọn kan á ní oògùn eku ló yá jù. Mi ò sọ pé tàkúté àti oògùn kò ní àyè tiwọn nígbà tí eku bá ti kún ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ ń lò gan-an. Sniper tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ni wọ́n ń pò mọ́ ẹja gbígbẹ, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké láàárín ọjà, nítorí jàǹbá tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ọmọ tó ń rákò ò mọ̀ pé ti eku ni ẹja yẹn. Adìyẹ àti ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn lè bá a lọ, eku tó bá sì kú sínú àjà, àwọn ará ilé ni yóò máa gbóòórùn rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní ìjọba ni ká bi. Wọ́n ní ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé àdúgbò àwọn, owó tí wọ́n sì ń gbà ń ga sí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì yẹ ká máa béèrè iṣẹ́ tí a sanwó fún. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní ọkọ̀ ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀, mélòó ni òru tó wà láàárín ìgbà tó wá àti ìgbà tó ń padà bọ̀? Ohun tó ń fa eku ni ohun jíjẹ tó wà nínú pàǹtí, kálukú sì lè ya ìyẹn sọ́tọ̀ nílé rẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti eèrí ògì, ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò á gbà á tayọ̀tayọ̀. Àjẹkù àti egungun, ká gbẹ́ kòtò fún un lẹ́yìnkùlé ká fi yẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa, kó di ajílẹ̀. Agolo àti ọ̀rá tí a bá ti ṣàn, bí ó pẹ́ oṣù kan kí ọkọ̀ tó dé, eku kan ò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Àwọn tó ń dúró de òjò kí wọ́n lè da tiwọn sí gọ́tà ló ń ṣe èyí tó burú jù. Gọ́tà tó kún fún pàǹtí ni eku ń gbà lọ láti ilé dé ilé, Ìbàdàn sì ti rí ohun tí odò tí ìdọ̀tí dí lè ṣe, nígbà tí Ògùnpa ya wọ ìgboro lóṣù kẹjọ ọdún 1980.

Kò sí ohun tó wọ́n jù nínú gbogbo èyí. Rọ́bà ọ̀dà onílítà 20, tó ṣì ní ìdérí rẹ̀, tó fún garawa pàǹtí. Òmíràn tí a fọ̀ mọ́ tó fún gàárí tàbí èlùbọ́ tí a bá kọ́kọ́ fi ọ̀rá tó mọ́ dì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ihò tí ìka ọwọ́ bá sì wọ̀, èkúté kékeré á gba ibẹ̀ kọjá. Ká kọ́kọ́ ki kànrìnkànrìn onírin sínú rẹ̀ ká tó fi sìmẹ́ǹtì dí i, torí eku lè gé igi, ike àti fóòmù, ṣùgbọ́n irin yẹn máa ń há a léyín.

Ayálégbé á wá ní ilé kì í ṣe tòun. Níbi tí ìdílé mẹ́jọ bá ti ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo, ẹnì kan tí kò bá dé garawa rẹ̀ ti ba iṣẹ́ àwọn méje tó kù jẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan onílé. Wolé-wolé ayé àtijọ́ máa ń yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ó sì lè pe onílé tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dọ̀tí lẹ́jọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ṣì ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ garawa àti ihò ara ògiri wò bákan náà. Àwọn kan á ní wọ́n á gba rìbá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìwé àdéhùn ilé tí àwọn lọ́yà ń kọ ti mẹ́nu ba owó iná, owó omi àti kíkun yàrá kí ayálégbé tó kó jáde. Kí wọ́n fi ìlà kan kún un pé onílé ni yóò dí ihò, tí yóò sì pèsè garawa onídèérí, ayálégbé ni yóò sì máa dé e.