Ẹ Má Ṣílẹ̀kùn Ilé Yín Sílẹ̀ fún Gbogbo Ayé

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà aṣọ́lé àti ínfátà tí a ń rà sílé lóde òní, sáfà kékeré kan wà níbẹ̀, ìyẹn ètò tí ń dá ẹni tó bá pè é lóhùn, tí ń jẹ́ kí onílé tí oúnjẹ òòjọ́ gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè yọjú wo àgbàlá rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ó sì mọ iye agbára tí ó kù nínú bátìrì rẹ̀. Ohun rere ni. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà débẹ̀ ni ó ń kọ mí lóminú.

Nítorí pé àdírẹ́sì IPv4, èyí tí ẹ̀rọ fi ń rí ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, tí kò sì kárí ẹ̀rọ ayé, ráútà ilé nìkan ni ó máa ń ní èyí tí ará ìta lè pè. Àdírẹ́sì bíi 192.168.1.20 tí kámẹ́rà ń jẹ́ kò kọjá inú ilé. Kí onílé lè rí i láti òkèèrè, oníṣẹ́ yóò ṣí pọ́ọ̀tù 80, ìyẹn ilẹ̀kùn kan, lára ráútà, yóò darí rẹ̀ sí kámẹ́rà, yóò fi «admin» sílẹ̀ bí orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Michigan ti fi ètò kan tí ń jẹ́ ZMap hàn wá pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé láàárín wákàtí kan.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2016, ètò búburú kan tí ń jẹ́ Mirai jáde, tí kò lo idán kankan ju pé ó ń dán páswọ́ọ̀dù bíi 60, irú èyí tí a ti fi sára ẹ̀rọ kí ó tó kúrò nílé-iṣẹ́, wò lára kámẹ́rà àti ráútà gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, àwọn ẹ̀rọ tí ó ti kó nígbèkùn rọ́ lu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, èyí tí ń bá àwọn ìkànnì tọ́ka orúkọ wọn sí àdírẹ́sì wọn, Twitter àti Netflix sì di àwátì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wákàtí mélòó kan.

Igi gọ́gọ́rọ́ má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kò yẹ kí sáfà inú kámẹ́rà tàbí ínfátà kọjú sí ìta gbangba rárá. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ gba inú VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọlé, bíi WireGuard, tí kì í dá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lóhùn. Kí ó sì yí páswọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá délé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni òfin Bìrìtìkó ti ka títa ẹ̀rọ pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù àjùmọ̀lò tó rọrùn láti mọ̀ léèwọ̀, irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó múlẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ń tà wọ́n, Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin onílé, ẹ má dúró de òfin. Ẹ pe ẹni tí ó bá yín so kámẹ́rà náà lónìí, ẹ bi í bóyá ó ṣí pọ́ọ̀tù kankan; bí ó bá ṣí i, kí ó wá tì í.