Níbo ni À Ń Gbé Fáìlì Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ Gé?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe rí ni fáìlì orí kọ̀ǹpútà náà rí: bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, kì í ṣeé kó padà.

Kò sí àní-àní pé gígé fáìlì sí wẹ́wẹ́ ti di ara iṣẹ́ olùkọ́. Irú fáìlì tí à ń pè ní PDF, tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní ọdún 1993, wúlò fún wa púpọ̀, nítorí pé àmì ohùn inú iṣẹ́ Yorùbá kì í sábà dàrú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó nílò orí kan ṣoṣo kò yẹ kí ó ná owó dátà sórí àkójọ olójú-ìwé 200. Bákan náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè èsì ìdánwò tirẹ̀, kò tọ́ kí á fi ti gbogbo kíláàsì ránṣẹ́ sí i.

Ibi tí a ti ń gé e gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa ṣí búráúsà, a ó wá ojú òpó tí ń gé PDF lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì ju fáìlì sí i. Oríṣi méjì ni irinṣẹ́ wọ̀nyí. Èkíní a máa kó odindi fáìlì lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ni ojú òpó náà, ibẹ̀ ni yóò sì ti gé e. Èkejì a máa gé e nínú búráúsà tiwa, fáìlì náà kò sì ní kúrò nílé. Lójú lásán, àwọn méjèèjì jọra. Bí ó bá jẹ́ oríṣi èkíní, a jẹ́ pé níbi tí a ti ń gbìyànjú láti bo àṣírí ẹnì kan ni a ti gbé àṣírí gbogbo kíláàsì lé àlejò lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni àlejò fẹ́ fi máàkì ọmọ wa ṣe. Èsì wa ni pé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ti tó fún gbájúẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023, sì ti sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ láti dáàbò bò ó.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ ṣí fáìlì náà nínú búráúsà Chrome tàbí Edge, ẹ tẹ “Print”, ẹ yan “Save as PDF”, ẹ kọ nọ́ńbà ojú-ìwé tí ẹ fẹ́, bí àpẹẹrẹ 5-8, kí ẹ sì fi orúkọ tuntun pa á mọ́. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí ẹ bá fẹ́ dán ojú òpó kan wò, ẹ lo fáìlì tí kò ní àṣírí nínú: bí ojú òpó náà bá ti ṣí tán, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó gé e. Bí kò bá ṣeé gé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìta ni ó ń gbé fáìlì lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èrò tiwa ni pé kí á fi èyí kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la kí wọ́n tó jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, nítorí ọwọ́ wọn ni àṣírí ọmọ ọlọ́mọ yóò wà.