Ẹ Jẹ́ Kí Afẹ́fẹ́ Rí Ọ̀nà Wọlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà sí òwe yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ìrì àti ọ̀rinrin sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti sùn mọ́jú ní Imeke, tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú àti ìletò agbègbè Àgbádárìgì, yóò mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru lásán. Ooru tí ó rin ni. Aṣọ tí a sá lálẹ́ kì í gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Iyọ̀ a máa yọ́ nínú àwo. Bàtà aláwọ tí a gbé sábẹ́ ibùsùn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kí òjò tó dá, ara rẹ̀ a ti funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ sí i. Òkun àti ọ̀sà kò jìnnà síra wọn níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ nínú ọdún sì ni omi tí afẹ́fẹ́ gbé dání ń ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tí ó lè gbé lọ.

Báwo wá ni àwọn baba wa ṣe gbé inú ooru yìí láìsí iná mànàmáná, láìsí fáànù? Ọgbọ́n ni wọ́n fi gbé e. Ní etí ọ̀sà, àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Àwórì a máa fi ọ̀pá ìko àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ògiri, wọn a sì fi koríko tàbí imọ̀ bo òrùlé rẹ̀. Àlàfo a máa wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a sì máa gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ní ilẹ̀ Yorùbá lókè, amọ̀ ni a fi ń mọlé, ṣùgbọ́n agbo ilé ni a ń kọ́. Àgbàlá a wà láàárín tí ojú ọ̀run ń wò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì yí i ká, níbi tí tọmọdé-tàgbà ń jókòó sí títí oorun yóò fi dé. Yàrá kò ju ibi tí a ń sùn sí àti ibi tí a ń kó ẹrù sí lọ. Ní ti ààrò, ẹ̀yìnkùlé ni ibùjókòó rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé, lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, kí èéfín má bàa bá onílé gbélé.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ohun ìtìjú. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ayàwòrán ilé méjì, Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, ń ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe gba inú ilé kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Wọ́n mú kí ilé tẹ́ẹ́rẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, wọ́n sì dá ihò sára ògiri. Ẹni tí ó bá dé ilé ìkàwé ńlá tí ó wà níbẹ̀ yóò rí ògiri oníhò náà títí di òní. Ní ọdún 1956, wọ́n tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí bí a ṣe ń kọ́lé sí ilẹ̀ tí ó gbóná tí ó sì rin. Ọgbọ́n ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí wọ́n bí sínú ilé ọ̀pá ìko.

Ṣùgbọ́n kí ni àwa fúnra wa ń kọ́ lónìí? Ilé búlọ́ọ̀kù ni, òrùlé páànù. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀nà tóóró kan tí ó ṣókùnkùn là á láàárín, fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní. Afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde kì í wọlé. A tún ti fèrèsé kan náà pa nítorí olè, nítorí ẹ̀fọn, àti nítorí èéfín ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò. Ní ìpẹ̀kun ọ̀nà tóóró náà, sítóòfù mẹ́rin tàbí márùn-ún ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, obìnrin márùn-ún ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun àwa nìyí. Ohun méjì ni a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Èkíní ni ilé tí ó fẹ́lẹ̀kùn sí afẹ́fẹ́, tí ààrò rẹ̀ sì wà lóde. Èkejì ni igi ìdáná àti ìbẹ̀rù afẹ́fẹ́ òru. Èkíní ni ó yẹ kí á dì mú, èkejì ni ó yẹ kí á jù nù. Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni a ṣe. A wó ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, a gbé iná igi àti èédú wọnú ilé tí a dí pa, a sì ń pe èyí ní ọ̀làjú.

A kò sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Ní àkókò òjò, ọ̀pọ̀ ìyá wa a máa gbé ààrò wọ abẹ́ òrùlé, ojú wọn a sì pọ́n títí di ọjọ́ ogbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, èéfín ìdáná inú ilé ṣe okùnfà ikú ènìyàn bí 3,200,000 káàkiri ayé, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn. Òtútù àyà, ikọ́ àìlọ, àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tí èéfín ń fà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olopade wà lára àwọn aṣíwájú wọn, ṣe ìwádìí láàárín aláboyún 324 tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún ìdajì wọn ní sítóòfù tí ń lo ethanol, epo tí kì í rú èéfín. Àwọn yòókù ń lo ti àtẹ̀yìnwá wọn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kò pa ìdáná rẹ̀ dà, ó lé ní 6 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba sítóòfù tuntun, wọn kò pé 2. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún kì í ṣe ohun eré. Ó ń pa ìyá, ó sì ń pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ìbẹ̀rù afẹ́fẹ́ òru. Bí obìnrin bá bímọ tuntun, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó ti fèrèsé, a ó fi aṣọ dí ihò tí ó bá ṣẹ́kù, kí òtútù má bàa mú ọmọ. Ìfẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀, a kò sì bẹnu àtẹ́ lu ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta, nígbà tí ooru ń lé àgbàlagbà jáde láti orí ibùsùn, òtútù wo ni a ń sá fún? Àwọn Òyìnbó pàápàá ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Malaria tí wọ́n ń pe ibà, èdè Ítálì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ burúkú. Ní ọdún 1897 ni Ronald Ross fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. William MacGregor, oníṣègùn tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti ọdún 1899 sí 1904, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, ó sì ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lo kuníìnì. Ẹ̀fọn ni ọ̀tá. Afẹ́fẹ́ kò jẹ̀bi.

Ẹni tí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ọ̀tá lè gba ọ̀nà òdì bá a jà. Ẹ wo oògùn ẹ̀fọn tí a ń ká bí ejò, tí a ń tanná ràn sábẹ́ ibùsùn. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2003 sọ pé erukutu tín-tìn-tín tí ẹyọ kan rẹ̀ ń tú sínú yàrá tó ti sìgá 75 títí dé 137. Bàbá tí kò jẹ́ mu sìgá lójú ọmọ rẹ̀ ni ó ń tan èyí sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ kan náà, tí ó sì ti fèrèsé. Àwọ̀n ẹ̀fọn lórí ibùsùn àti nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsí èéfín.

Ọ̀rinrin náà ní iṣẹ́ ibi tirẹ̀. Nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti yí padà, èémí ẹni tí ó sùn, ọ̀fúùfù ìkòkò àti aṣọ tútù tí a sá sórí okùn inú ilé ni yóò di omi sára ògiri. Nǹkan dúdú kan a sì hù síbẹ̀ bí olú, ilé a máa rùn, ẹni tí ó ní ikọ́ fée a máa mí gúlegúle. Kíkùn ún lọ́dà kì í wò ó sàn. Ibi tí omi ń gbà wọlé ni kí á kọ́kọ́ dí, kí á fọ ara ògiri náà, kí á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù a máa fa díẹ̀ nínú omi náà, ṣùgbọ́n irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nílé wa, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú yàrá kan náà ni ó ń yí ká. Kì í mú tuntun wọlé. Àwọn mìíràn a ní òdòdó inú ìkòkò ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, nítorí ìwádìí kan tí àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1989. Inú àpótí tí a dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn tí ó tún un yẹ̀ wò ní ọdún 2019 rí i pé ìkòkò òdòdó tí yóò ṣe iṣẹ́ fèrèsé kan tí a ṣí sílẹ̀ yóò pọ̀ dé ibi tí onílé kò ní rí ààyè jókòó.

Èyí tí ó burú jù ni ẹ̀rọ amúnáwá. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá fà á sínú lójú oorun lè máà jí mọ́. Kò sí ìdílé tí ó yẹ kí ó gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ilé ìdáná, tàbí sábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ìkòkò èédú tí ń jó: kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn sí.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní gáàsì ti wọ́n, olè pọ̀, àti pé ẹja yíyan ni oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin etí omi, kò sì sí ẹja yíyan láìsí èéfín. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1970, ní Chorkor létí òkun Accra, àwọn ayanja àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ghana, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ FAO, gbé ààrò amọ̀ kan jáde tí a ń to àtẹ ẹja lé lórí ara wọn. Ó ń jẹ igi díẹ̀, èéfín a sì máa gba àárín ẹja kọjá dípò ojú obìnrin. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká èyí lè gbé ààrò rẹ̀ jáde sábẹ́ àtíbàbà gíga, kí ó mọ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ó sì dúró síhà ibẹ̀. Igi gbígbẹ dára ju tútù lọ. Ọmọ ọwọ́ kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nídìí ààrò.

Ní ti olè, irin ojú fèrèsé kò dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Fèrèsé méjì tí ó kọjú síra kò sì wọ́n ju ọ̀kan lọ lọ́nà tí ó lè ba onílé nínú jẹ́, bí a bá ti rò ó kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ní etí òkun wa, láti ìhà gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù. Ìhà ibẹ̀ ni kí ojú fèrèsé kan kọ sí, kí òmíràn wà lódìkejì rẹ̀ fún un láti jáde.

Ọ̀rọ̀ wa kù sí ọwọ́ àwọn ọkùnrin. A sábà máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ra ilẹ̀? Ta ni ó ń bá bíríkìlà sọ̀rọ̀? Ta ni ó pinnu pé kí yàrá pọ̀ sí i kí owó ilé lè pọ̀, tí ó sì fi ìpẹ̀kun ọ̀nà tóóró ṣe ilé ìdáná? Ẹni tí ó mọ ilé ìdáná kì í ṣe ẹni tí ń fa èéfín rẹ̀ símú. A ké sí àwọn ọba àti baálẹ̀ wa, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn onílé, pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti ní ọ̀nà àbáwọlé àti ọ̀nà àbájáde, tàbí tí ilé ìdáná rẹ̀ kò fẹ́lẹ̀kùn sí ìta.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. A ti sọ ọ́. Ní alẹ́ òní, kí baba kọ̀ọ̀kan jókòó sí ilé ìdáná aya rẹ̀ láti ìgbà tí iná bá ràn títí ọbẹ̀ yóò fi jinná. Bí ojú rẹ̀ bá ta á, kí ó pe bíríkìlà lọ́la.