Òkun Kan Ará Sókótó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹni tó bèèrè nínú ìwé ìròyìn yín pé kí ló kan ará Sókótó nínú ìmúrasílẹ̀ ìjọba fún ìpàdé lórí àdéhùn agbami òkun ti ọdún 2023 gbàgbé pé òfin òkun ti 1982 ti là á kalẹ̀ pé agbami kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan, tó bẹ́ẹ̀ tí Nìjẹ̀r, tó múlé tì wá ní Illela, tí kò ní etíkun rárá, fi ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ bí Nàìjíríà ti ní. Ẹja Titus tó dì gbagidi, tí wọ́n ń fi àdá là lórí pákó lọ́jà wa, odò Rima kọ́ ló bí i.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru: kí àwọn aṣojú wa tó gbéra, kí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ àwọn onímọ̀ ẹja ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, nítorí bí a ó ti pín èrè oògùn tí a bá fà yọ lára ẹ̀dá inú ibú ni ìjà gan-an.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Yorùbá kan, Sókótó